Omi Ni Owó Ọ̀nà Yẹn: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Fẹ́ Gun Òkè Caen

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Reading, Swindon àti Bristol, mo gbọ́ pé ẹ ti ń dá owó jọ láti háyà ọkọ̀ ojú omi nígbà ooru tó ń bọ̀, pé ẹ fẹ́ gba orí omi láti ìhà Bath lọ sí Devizes. Inú mi dùn sí i. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ṣáájú yín dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀ ju ọ̀nà ibi iṣẹ́, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àti ọ̀nà ọjà lọ. Orí afárá la máa ń gbà kọjá lórí omi yìí, a kì í bojú wo ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú yín sọ létí mi pé máìlì méjì péré ni Òkè Caen tó wà lójú ọ̀nà náà, pé wákàtí kan ti tó. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n mú gègé. Ẹ fara balẹ̀ ka ohun tí mo fẹ́ sọ kí ẹ tó san owó ọkọ̀.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ òkè tí ẹ fẹ́ gùn.

Ọ̀nà omi tí wọ́n ń pè ní Kennet and Avon gùn tó máìlì 87, láti Bristol dé Reading. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni Ọlọ́run dá. Ní ìwọ̀-oòrùn, odò Avon ni wọ́n tún ṣe kí ọkọ̀ ẹrù lè máa rìn lórí rẹ̀. Ní ìlà-oòrùn, odò Kennet ni. Àárín àwọn méjèèjì, láti Bath dé Newbury, ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ṣọ́bìrì, dígà àti kẹ̀kẹ́ ẹrù ni wọ́n lò, nítorí katapílà kò tíì dáyé.

Bí ẹ bá ti Bath bọ̀, ẹ ó máa pàdé lọ́ọ̀kì, ìyẹn iyàrá omi tó ń gbé ọkọ̀ gòkè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà, wọn kò ní yọ yín lẹ́nu. Ó di Foxhangers kí òkè tó dìde dúró níwájú yín. Orí òkè yẹn ni Devizes wà. Láti ìsàlẹ̀ dé orí rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 237, ìyẹn mítà 72, láàárín máìlì méjì. Lọ́ọ̀kì 29 ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ là kọjá. Méje àkọ́kọ́ wà ní Foxhangers, 16 tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà tó gún régé lójú Òkè Caen fúnra rẹ̀, mẹ́fà tó kù ló mú yín wọ ìlú. Nọ́ńbà wà lára wọn, láti 22 dé 50. Bí ẹ bá dé ìsàlẹ̀ àwọn 16 yẹn, ẹ gbójú sókè: ilẹ̀kùn dúdú tó ní etí funfun ni ẹ ó rí, ọ̀kan lórí èkejì, títí ojú yín yóò fi sú.

Wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà ni ọkọ̀ ń gbà kó tó dé òkè. Ẹni tó sọ pé wákàtí kan, ẹ bi í bóyá ẹsẹ̀ ló fẹ́ fi rìn ín.

2. Ẹ mọ ohun tí lọ́ọ̀kì ń ṣe, kí ẹ tó fọwọ́ kan irin rẹ̀.

Iyàrá bíríkì ni lọ́ọ̀kì, kò lórùlé, ó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn. Bí ẹ bá ń gòkè, ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ lẹ gbà wọlé, ẹ ó sì tì í lẹ́yìn ara yín. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ yóò wá fi irin ọwọ́ ṣí ihò omi tó wà ní ìhà òkè. Omi á máa ya wọ inú iyàrá náà, ọkọ̀ á sì máa bá omi gòkè. Nígbà tí omi inú lọ́ọ̀kì bá dọ́gba pẹ̀lú omi tó wà níwájú, ẹ ṣí ilẹ̀kùn òkè, ẹ jáde. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ yí ètò náà padà: ẹ wọlé láti òkè nígbà tó kún, ẹ jẹ́ kí omi ṣàn jáde sí ìsàlẹ̀, ẹ bá a lọ.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹ̀rọ kankan nínú gbogbo èyí tó ń gbé ọkọ̀. Ọkọ̀ tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 60 ń gòkè láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé e. Omi tó ti òkè wá ló gbé e, omi náà sì ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ nìyẹn, kò ní gun òkè padà fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ilẹ̀kùn náà tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Abala méjì ni, wọn kì í sì í pàdé ní gbọọrọ. Wọ́n ṣe igun, ṣóńṣó igun náà sì kọjú sí omi tó ga. Bí omi ṣe ń tì wọ́n ni wọ́n ń fún mọ́ra. Àwòrán irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ Leonardo da Vinci, ó sì ti lé ní 500 ọdún. Títí di òní, kò tíì sí ẹni tó rí èyí tó dára jù ú lọ fún irú iṣẹ́ yìí. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ̀yìn ti ọ̀pá ilẹ̀kùn tí kò mì, ẹ má wulẹ̀ pe ọ̀rẹ́ yín mẹ́rin wá kún un. Omi kò tíì dọ́gba ni. Ẹ ní sùúrù ìṣẹ́jú kan sí i, ọmọ ọdún mẹ́wàá á tì í ṣí.

3. Ẹ má ṣe rò pé ibí ni wọ́n ti kọ́kọ́ ronú kan lọ́ọ̀kì.

Ilẹ̀ Ṣáínà ni, ní ọdún 984. Ìjọba ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ọkà owó orí gba ọ̀nà omi ńlá wọn. Níbi tí omi kan ti ga ju èkejì lọ, okùn ni wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀ gba orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ amọ̀. Ọkọ̀ a máa fọ́, ọkà a máa dà, àwọn olè tó ti dọ́gbọ́n dúró lẹ́bàá ibẹ̀ a sì kó o lọ. Qiao Weiyue, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ọ̀rọ̀ ìrìnnà wà níkàáwọ́ rẹ̀, ni ọ̀ràn yìí sú. Ó kọ́ ilẹ̀kùn méjì sójú omi, ó fi ìwọ̀n ìṣísẹ̀ 50 sáàárín wọn, ó sì ń fi omi gbé ọkọ̀ sókè sódò láàárín wọn. Olè kò rí ọkà jí mọ́. Bí mo bá ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ọgbọ́n ẹ̀rọ kò kan ọ̀rọ̀ ìwà ìbàjẹ́, Qiao Weiyue ni mo máa ń rántí.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ ẹnjiníà, nílé náà wọ́n ṣe lọ́ọ̀kì fún ọkọ̀ mọ́ ìdídò Kainji àti ti Jebba lórí odò Ọya. Nígbà tí ẹ bá lọ sílé, ẹ lọ wò ó.

4. Ẹ ná omi bí ẹni ń ná owó.

Ìmọ̀ràn yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ pọ̀. Lọ́ọ̀kì kan lórí òkè yìí fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 14, ó gùn ju 70 lọ díẹ̀. Bí a bá pín 237 sí ọ̀nà 29, lọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan ń gbé yín ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ó lé díẹ̀. Omi tí ẹ fi kún iyàrá kan ṣoṣo jẹ́ nǹkan bí 50,000 gálọ́ọ̀nù. Omi bẹ́ẹ̀ ń kúrò lórí òkè, ó ń bọ́ láti inú lọ́ọ̀kì kan sínú èkejì, títí ó fi dé Foxhangers. Ọkọ̀ tó bá kọjá ti ná an, yálà èèyàn kan ló wà nínú rẹ̀ tàbí mẹ́wàá, yálà ó ru ẹrù tàbí òfìfo ni.

Ẹni tó ya àwòrán ọ̀nà yìí mọ̀ pé omi ni yóò dun ún. Àwọn 16 yẹn sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí àyè fún omi láàárín wọn. Bí omi àárín lọ́ọ̀kì méjì bá kéré, ẹ óò tú lọ́ọ̀kì òkè sínú rẹ̀, á kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ẹ óò sì fa ti ìsàlẹ̀ kún láti inú rẹ̀, á gbẹ, ọkọ̀ á jókòó sórí ẹrẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó gbẹ́ adágún ńlá sí ẹ̀gbẹ́ lọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan. Omi tí kò rí àyè níwájú tàn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ó rí àwọn adágún náà bí ẹ bá ń gòkè, pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀ nínú wọn, àwọn ènìyàn rò pé ẹwà ni wọ́n fi ṣe. Wọn kì í ṣe ẹwà o, ilé ìfowópamọ́ òkè náà ni wọ́n.

Síbẹ̀ adágún kò lè dá omi tó ti sọ̀ kalẹ̀ padà. Ní 1996 ni wọ́n fi ẹ̀rọ ìfami sí Foxhangers, ó ń fa omi láti ìsàlẹ̀ padà sí orí òkè. Ó lè dá mílíọ̀nù 7 gálọ́ọ̀nù padà lójúmọ́, ìyẹn mílíọ̀nù 32 lítà. Ìwọ̀n yẹn jẹ́ omi lọ́ọ̀kì kan ní ìṣẹ́jú 11 kọ̀ọ̀kan. Iná mànàmáná ló ń lò, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí iná mànàmáná ń náni ní ìlú yìí.

Bí ẹ bá tẹ̀ síwájú kọjá Devizes, ẹ ó dé Crofton, nítòsí ibi tí ọ̀nà náà ga jù. Odò kankan kò ṣàn dé orí ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ olóoru tí ilé-iṣẹ́ Boulton & Watt ṣe ní 1812 wà níbẹ̀, wọn á dá iná èédú sí i ní àwọn òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọọdún, á sì fa omi sókè bó ṣe ń fà á nígbà tí wọ́n gbé e débẹ̀. Lójoojúmọ́, ẹ̀rọ oníná mànàmáná ló ń ṣe é. Ní Claverton lẹ́bàá Bath, ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n dá ní 1813: agbára odò Avon fúnra rẹ̀ ló ń yí àgbá ẹ̀rọ tó ń gbé omi odò náà gun ọ̀nà omi. Nínú gbogbo rẹ̀, Claverton ni mo fẹ́ràn jù. Kò ra èédú, kò san owó iná.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọkọ̀ ìgbafẹ́ nìkan. Lọ́ọ̀kì ló ń gbé ọkọ̀ òkun gun mítà 26 ní Panama, omi adágún Gatun ni wọ́n sì ń ná. Nígbà tí òjò kọ̀ ní 2023, ọkọ̀ tó ń kọjá níbẹ̀ lójúmọ́ dín láti bíi 36 sí 24 nígbà tí 2024 bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tó kó ẹrù olówó iyebíye tò sórí òkun, wọ́n ń dúró de òjò.

Kí ni ẹ̀yin wá lè ṣe? Ẹ pín lọ́ọ̀kì. Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ fẹ́ háyà kò fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méje, lọ́ọ̀kì fẹ̀ ní 14. Méjì ń wọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ dúró ní Foxhangers títí ọkọ̀ mìíràn yóò fi dé, ẹ kí wọn, ẹ jọ gòkè. Ìdajì omi ni ẹ ó ná, ìdajì iṣẹ́ ni ẹ ó ṣe. Bí lọ́ọ̀kì bá sì ti kún tí ẹ̀yin ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ wo òkè kí ẹ tó tú u dànù. Bí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀ wá sọ̀, ẹ jẹ́ kó lò ó. Bí ẹ bá parí, ẹ ti gbogbo ihò omi pa. Ihò kan tí ẹ gbàgbé lálẹ́ lè fa adágún kan gbẹ kó tó di àárọ̀.

5. Ẹ má fi ẹ̀mí ṣeré.

Lábẹ́ ilẹ̀kùn òkè, ìpele òkúta kan yọ sínú lọ́ọ̀kì. Nígbà tí omi bá kún, kò sí ẹni tó lè rí i. Ewu rẹ̀ wà fún ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ìdí ọkọ̀ yín bá wà lórí ìpele yìí nígbà tí omi ń fà, ìdí á há sórí òkúta, iwájú á máa bá omi lọ sílẹ̀, ọkọ̀ á dà, á sì rì. Kì í pẹ́. Wọ́n fa ìlà funfun sí etí lọ́ọ̀kì láti fi ibi tí ìpele náà dé hàn yín. Kí ẹnìkan tó mọ ohun tó ń ṣe di ìtọ́kọ̀ mú, kó má tẹ fóònù, kí ọkọ̀ wà níwájú ìlà náà títí omi yóò fi tán. Bí ẹ bá rí i pé ó fẹ́ há, ẹ sáré ti ihò ìsàlẹ̀ pa lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó máa pariwo.

Bí ẹ bá ń sọ̀, ẹ má so okùn pa mọ́ irin. Ẹ lọ́ ọ lọ́wọ́, kí ẹ máa tú u sílẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Ẹ má fi irin ọwọ́ sílẹ̀ lára ẹ̀rọ nígbà tí ẹ kò bá yí i: bí ìdáwọ́dúró rẹ̀ bá yọ̀, irin náà á máa fò yí, ó lè fọ́ eyín. Ẹ má sáré lórí ilẹ̀kùn tó tutù. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, kó wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kó má tijú. Ọtí, ẹ fi dalẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti so ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

6. Ẹ bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ tó pẹ́.

1794 ni ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí òfin ọ̀nà yìí. John Rennie, ọmọ Scotland tí wọ́n bí ní 1761, ni ẹnjiníà rẹ̀. Òun kan náà ló ya àwòrán afárá Waterloo ti àtijọ́ ní London. Inú ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's ni wọ́n sin ín sí. Rennie wo Òkè Caen, ó fi í sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn. Ibòmíràn ti parí, ọkọ̀ ti ń rìn níwájú, ọkọ̀ ti ń rìn lẹ́yìn, òkè ṣì wà láàárín. Títí di 1810, ẹrù tó bá dé Foxhangers ni wọ́n ń kó sórí kẹ̀kẹ́ onírin tí ẹṣin ń fà gun òkè, kí wọ́n tó tún kó o sínú ọkọ̀ mìíràn ní Devizes. Bí ẹ bá gba abẹ́ àwọn afárá tó wà níbẹ̀ kọjá, ẹ ó rí ihò kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí omi gbà: ọ̀nà irin àtijọ́ yẹn ló gba ibẹ̀.

Bíríkì tí wọ́n fi kọ́ àwọn lọ́ọ̀kì náà, wọn kò rìn jìnnà kí wọ́n tó rí i. Wọ́n ṣe ibi ìsunbíríkì sí ìhà gúúsù òkè, wọ́n gbẹ́ amọ̀ ibẹ̀, wọ́n sun ún. Amọ̀ náà ni wọ́n ń pò tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ọ̀nà omi kí omi má baà jò lọ. Òkè tó dínà ló tún pèsè ohun tí wọ́n fi là á.

7. Ẹni tó bá ń yára, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé àwọn tó ṣáájú rẹ̀ náà ń yára.

Nígbà tí ọkọ̀ ẹrù pọ̀, ojúmọmọ kò tó wọn. Láti 1829 sí 1843, iná gáàsì ni wọ́n fi ń tan ìmọ́lẹ̀ sí òkè náà kí ọkọ̀ lè máa kọjá lóru. Èédú Somerset àti òkúta Bath ló ń kọjá jù. Ẹ wo ẹṣin tó ń fa ọkọ̀ nínú òkùnkùn, àtùpà gáàsì ń jó, ẹni tó ń yí irin ń làágùn: kò sí ìgbafẹ́ kankan níbẹ̀.

8. Ẹ má fi ọ̀nà yín lé orogún lọ́wọ́.

Rélùwéè Great Western so London pọ̀ mọ́ Bristol ní 1841. Ohun tí ọkọ̀ omi ń fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe, ọkọ̀ ojú irin ń fi wákàtí ṣe é. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni iná gáàsì òkè kú; ẹ̀yin náà ẹ ro ó. Ní 1852, ilé-iṣẹ́ rélùwéè yẹn gba ọ̀nà omi náà pátápátá. Ẹ sọ fún mi, orogún wo ló ń se ọbẹ̀ fún ọmọ orogún rẹ̀ kó tó bu ti ọmọ tirẹ̀? Wọn kò tì í pa, nítorí òfin kò gbà fún wọn, ṣùgbọ́n wọn kò tún un ṣe kó lè jẹun. Ó ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí 100 ọdún. Ní 1948 ni ọkọ̀ ẹrù ìkẹyìn kọjá lórí òkè náà. Ilẹ̀kùn igi óákù jẹrà, koríko hù nínú lọ́ọ̀kì.

Àwọn ènìyàn kan ń sọ pé iṣẹ́ Rennie ló kùnà. N kò gbà. Òkè kò wó, bíríkì kò ṣí. Ẹni tó ní i ni kò fẹ́ ẹ.

9. Ẹ̀yin tó ń sọ pé ohun tó ti bàjẹ́ kò ṣe é tún ṣe, ẹ wo Devizes.

Ìjọba fẹ́ ti ọ̀nà omi náà pa láàárín ọdún 1950 sí 1959. Àwọn ará ìlú kọ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1951. Nígbà tí 1956 bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ tí nǹkan bí 22,000 ènìyàn fọwọ́ sí gba orí omi fúnra rẹ̀ lọ sí London, kí Ọbabìnrin lè rí i. Ní 1962, ẹgbẹ́ náà di àjọ tó ń kówó jọ fún àtúnṣe. Wọ́n kó ẹrẹ̀, wọ́n gé igi tó hù, wọ́n tún bíríkì tò. Àwọn olùkọ́, àwọn akọ̀wé báńkì, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, ní ọjọ́ Sátidé wọn. Ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ 1990, Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Devizes wá ṣí ọ̀nà náà. Ọdún 42 ti kọjá láti ìgbà tí ọkọ̀ ẹrù ìkẹyìn ti gba orí òkè náà.

Ṣíṣí náà kò tó. Ilẹ̀kùn óákù kì í lò ju bíi ọdún 25 lọ, lọ́ọ̀kì gbogbo ọ̀nà náà sì lé ní 100. Ní 1996, owó tẹ́tẹ́ orílẹ̀-èdè fi mílíọ̀nù 25 pọ́n-ùn ràn wọ́n lọ́wọ́. Èmi kì í ta tẹ́tẹ́, n kò sì ní rọ̀ yín pé kí ẹ ta á, ṣùgbọ́n n kò lè parọ́ pé owó náà kò ṣiṣẹ́.

10. Bí ẹ bá ti gùn ún tán, ẹ padà wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Láti 2012 ni Canal & River Trust ti ń bójú tó ọ̀nà omi yìí àti nǹkan bí 2,000 máìlì irú rẹ̀ ní England àti Wales. Àjọ aláàánú ni, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ìjọba mọ́. Ìjọba kéde ní 2023 pé ìrànlọ́wọ́ tí òun ń ṣe fún un yóò máa dín kù láti 2027. Ilẹ̀kùn kò ní dẹ́kun láti jẹrà nítorí pé ìjọba fà sẹ́yìn, omi kò sì ní gun òkè lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn tí ẹ ó bá lórí òkè, tí wọn yóò máa sọ fún yín ibi tí ẹ ó dúró sí àti ihò tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣí, olùyọ̀ǹda ló pọ̀ jù nínú wọn, irun ọ̀pọ̀ wọn sì ti funfun. Ẹ kí wọn dáadáa. Ẹ béèrè àkókò tí wọ́n ń ṣí òkè náà àti èyí tí wọ́n ń tì í kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún bí ọ̀sán bá ti pẹ́ jù. Àwọn tí kò bá fẹ́ wọ ọkọ̀, ìyá yín tàbí àwọn àbúrò, kí wọ́n gba ọ̀nà ẹṣin àtijọ́ tó wà létí omi. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ni wọn yóò kọ́kọ́ dé òkè, kí wọ́n gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù dání dè yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin tó ní apá, ẹ yan Sátidé díẹ̀ lọ́dún. N kò tíì rí àwọn ọmọ wa púpọ̀ láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ìlú tí àwọn ọmọ yín yóò dàgbà sí ni. Ẹ lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Canal & River Trust kí ìgbà ooru tó wọlé; àwọn ni yóò kọ́ yín ní iṣẹ́ náà, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wá kọ́ ọ.